Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi ọtí sílẹ̀: ṣé ẹgbẹ́ tó ń ran irú wọn lọ́wọ́ wà ní ilẹ̀ Okun?

Àbúrò Káfíńtà

Okun o, gbogbo ilé.

Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣe káfíńtà ní Ìsánlú, èmi ń gbé ní Kàbà. Ọtí ti di bárakú fún wọn, ó sì ti pẹ́. Kì í ṣe ẹmu tàbí bíà tí èèyàn ń mu níbi ìnáwó ni mò ń sọ o. Ọtí inú ọ̀rá ni wọ́n fi ń ṣíjú láàárọ̀, wọ́n á tún fi paraga lé e lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí wọn ò tíì mu ún, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n, pẹ́ńsù tí wọ́n fi ń fa ìlà sára pákó kò ní lè dúró lójú kan. Bí wọ́n bá ti já ọ̀rá kan sẹ́nu báyìí, ọwọ́ á rọlẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn fúnra wọn ló pè mí. Wọ́n ní, "Ó ti sú mi. Bá mi wá ọ̀nà." Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu wọn rí nínú ilé wa. Mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan wà tí àwọn tí ọtí ti bá fínra máa ń jókòó pọ̀, oníkálukú á sọ ohun tójú rẹ̀ rí, wọ́n á sì máa dúró ti ara wọn. Wọ́n ní ó wà ní Èkó. Ṣé ó wà nítòsí wa níbí? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é, eló ni wọ́n sì ń gbà? Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ kí ìlú gbọ́, torí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyàwó wọn ní ká kúkú ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ kan kí ọtí náà lè dà kúrò lára wọn. Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ẹlẹ́bà

Àbúrò, ẹ kú ìdààmú. Ohun tó wà nídìí ọtí ju ọtí lọ. Ẹ mú un lọ sórí òkè àdúrà, kó gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, kó má fẹnu kan nǹkan kan. Wọ́n ṣe é fún àbúrò tèmi, kò fẹnu kan ọtí mọ́ títí dòní. Kí ni ẹgbẹ́ ajókòó-sọ̀rọ̀ fẹ́ ṣe tí Ọlọ́run ò lè ṣe?

Nọ́ọ̀sì Yàgbà

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ààwẹ̀ gbígbẹ pàápàá, ẹ má ì tíì dán an wò.

Ọwọ́ tó ń gbọ̀n láàárọ̀ tó jẹ́ pé ọtí ló ń mú un rọlẹ̀, ara ẹni bẹ́ẹ̀ ti gbára lé ọtí nìyẹn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í dédé já a lójijì nínú ilé láìsí dókítà nítòsí, torí ó lè pa á. Láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn tó bá mu èyí tó kẹ́yìn, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn á bò ó, àyà á máa lù kìkìkì, oorun ò ní kùn ún, èébì á máa gbé e. Gìrì lè gbé e láàárín wákàtí 6 sí 48. Èyí tó burú jù sábà máa ń dé láàárín ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin: á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, á máa bá ẹni tí ẹ ò rí sọ̀rọ̀, ara á gbóná, kò ní mọ ibi tó wà mọ́. Ibẹ̀ làwọn ará ilé ti máa ń pariwo pé ayé ti ṣe é, tí wọ́n á gbé e lọ síbi tí kò yẹ. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ilé ìwòsàn tààrà, ì báà jẹ́ òru.

Nítorí náà, dókítà ni ẹ ó kọ́kọ́ rí kí ẹ tó máa wá ẹgbẹ́. Ilé ìwòsàn ECWA wà ní Ẹ̀gbẹ̀, kò jìnnà sí Ìsánlú. Federal Teaching Hospital wà ní Lọ́kọ́ja. Àwọn tó bá sún mọ́ ọ̀nà Ìlọrin lè lọ sí UITH, ilé ìwòsàn yunifásítì Ìlọrin, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń rí sí àìsàn ọpọlọ níbẹ̀. Bí ẹ bá débẹ̀, kó sọ iye tó ń mu gan-an fún dókítà. Kó ka iye ọ̀rá tó ń já lójúmọ́, kó má dín in kù nítorí ìtìjú, torí iye yẹn ni dókítà máa fi mọ bóyá kí wọ́n dá a dúró ní wọ́ọ̀dù tàbí kó máa tilé wá. Kó sọ ọ́ pẹ̀lú bí gìrì bá ti gbé e rí.

Wọ́n á fún un ní fítámì B1, thiamine. Ọtí kì í jẹ́ kó dúró lára, ọ̀mu kì í sì í jẹun bó ṣe yẹ. Bí kò bá sí lára, ọpọlọ lè bàjẹ́ débi pé èèyàn ò ní lè rántí ohun tó ṣe láàárọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fún un ní B1 kí wọ́n tó fa omi oníṣúgà sí i lára. Wọ́n lè fún un ní oògùn tó máa mú ara rẹ̀ rọlẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á sì máa dín in kù. Ẹ má lọ fúnra yín ra irú oògùn bẹ́ẹ̀, bíi diazepam, ní kẹ́míìsì fún un o. Bí òun àti ọtí bá pàdé, èémí lè dáwọ́ dúró lójú oorun.

Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa jẹun, ẹ jẹ́ kó máa mu omi, kó má fi kún iye tó ń mu, kó má sì já a lẹ́ẹ̀kan náà.

ỌmọÌjùmú l'Ábùjá

Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì ló pé. Èmi á sọ ti ẹgbẹ́ náà, torí mò ń lọ.

Alcoholics Anonymous ni wọ́n ń pè é, AA ni gbogbo wa ń pè é. Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1935, nílùú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ọkùnrin méjì ni: ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ìdókòwò ní New York, èkejì jẹ́ dókítà, ọtí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ti àwọn méjèèjì jẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ọ̀mu bá ń bá ọ̀mu ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ òtítọ́, ó ń wọ̀ wọ́n létí ju ìwàásù ẹni tí kò mu ún rí lọ.

Owó kankan kò sí. Wọ́n á gbé agbọ̀n kan yí ká lópin ìpàdé, ẹni tó bá ní á fi nǹkan sí i fún owó yàrá àti tíì, ẹni tí kò ní á gbé e kọjá, kò sẹ́ni tó máa wò ó lójú. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí rẹ́jísítà. Orúkọ kan ṣoṣo ni wàá dá, kò sì pọn dandan kó jẹ́ orúkọ tí ìyá rẹ ń pè ọ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni pé kó wù ọ́ láti dẹ́kun ọtí. Kò ní kó o ti dẹ́kun ná. Mo rí ẹni tó wọlé tí ọtí ń rùn lẹ́nu rẹ̀, wọ́n fún un ní àga, wọ́n ní kó ṣáà fetí sílẹ̀.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ẹnì kan á ṣe alága, wọ́n á ka nǹkan díẹ̀ nínú ìwé, ẹnì kan á sọ ìtàn ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ẹnìkejì lẹ́nu, wọn kì í gbani nímọ̀ràn nígbà tó o bá ń sọ̀rọ̀, wọn kì í bi ọ́ léèrè ohun tó o ṣe fún ìyàwó rẹ. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù, torí níbi tí a ti wá, bó o bá sọ ìṣòro rẹ síta, gbogbo àgbà ló máa dá sí i. Ọ̀nà méjì ni ìpàdé pín sí: èyí tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ lè bá èèyàn wá, àti èyí tó jẹ́ tàwọn tí ọtí ń bá jà nìkan. Bó bá yá, ó lè yan ẹnì kan tó ti pẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní sponsor. Ẹni yẹn ló máa pè lóru nígbà tí ọ̀fun bá ń gbẹ.

Ìpàdé ojúkojú wà ní Ábùjá àti Èkó. Ní ilẹ̀ Okun, èmi ò tíì rí èyí tó ní pátákó lára.

Àbúrò Káfíńtà

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti pe ìyàwó wọn, mo ní kó fi ọ̀rọ̀ ìtìlẹ̀kùn sílẹ̀. Àmọ́ Ábùjá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò ṣeé ṣe o. Owó mọ́tò ńkọ́? Bí ọ̀nà ṣe rí lásìkò yìí ńkọ́? Káfíńtà tí kò bá sí ní ṣọ́ọ̀bù kò ní jẹun.

Ìyá Ìbejì, Mopà

Ìyá Ẹlẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Èmi náà gbàgbọ́ nínú àdúrà. Ṣùgbọ́n mo gbé ọkọ mi lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ó mọ́lẹ̀, wọ́n ní ẹ̀mí náà kò gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà sá. Gìrì tí Nọ́ọ̀sì sọ yìí gbé e mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Àpá wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ dòní. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun ti wà láti ọdún 2023, ó fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìtọ́jú tó bọ̀wọ̀ fún un bí èèyàn. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ so mọ́lẹ̀, kí ará ilé rẹ̀ kọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ìyàwó káfíńtà nìyí, torí òun ni ọkàn mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀ jù. Kó má da ọtí nù lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, á tún ra òmíràn ni. Kó má san gbèsè tó jẹ ọlọ́tí. Bí oníbàárà bá wá béèrè àga tí kò tíì ṣe, kó má purọ́ pé ara ọkọ òun ò yá. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni mo ṣe tẹ́lẹ̀ kí ojú má bàa tì wá, àmọ́ ńṣe ni mò ń jẹ́ kó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti máa mu ún. Nígbà tí mo jáwọ́, ó bínú sí mi títí, àmọ́ láti ìgbà náà lòun fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí ọtí náà ń ṣe fún un.

Ẹgbẹ́ kan wà fún àwa tí à ń bá ọ̀mu gbé pẹ̀lú, Al-Anon ni wọ́n ń pè é. Wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1951. Wọ́n ń ṣe ìpàdé lórí fóònù. Kí ìyàwó náà lọ, ọkọ ì báà lọ, kó má lọ.

Ìyá Ẹlẹ́bà

Ìyá Ìbejì, mi ò bínú. Ọlọ́run á bá wa wo ọkọ yín sàn. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń deni mọ́lẹ̀ o. Ti àbúrò mi, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ààwẹ̀ náà, pásítọ̀ àti àwọn ọkùnrin méjì nínú ìjọ ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n á bá a jẹun, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀, wọ́n á kúrò nígbà tí àwọn ilé ọtí bá ti palẹ̀ mọ́. Bí mo ṣe ń ka ohun tí ỌmọÌjùmú kọ yìí, mo rí i pé nǹkan kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Nọ́ọ̀sì Yàgbà

Ìyá, ẹ ṣeun. Ìyẹn gan-an la nílò. Kí àwọn ọkùnrin méjì bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tó bá kúrò ní ilé ìwòsàn, torí bó bá padà sílé tí kò sẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀, kì í pẹ́ tó fi ń padà sídìí ẹ̀.

Dírẹ́bà Ọbájànà

Mo ń wa tírélà, n kì í pẹ́ níbì kan, orí fóònù ni mo ti ń ṣe tèmi. Ẹ lọ sí aa-intergroup.org. Ọ̀pọ̀ ìpàdé AA tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ayé ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú wákàtí wọn, tọ̀sán-tòru. Èyí tó pọ̀ jù wà lórí Zoom. O lè pa kámẹ́rà rẹ, o lè yí orúkọ tó hàn lójú fóònù padà sí ohun tó wù ọ́, o lè má sọ̀rọ̀ rárá.

Ẹ ṣọ́ wákàtí dáadáa. Ti Lọ́ńdọ̀nù bá tiwa mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Nígbà òtútù wọn, wákàtí kan la fi ṣíwájú wọn, aago 8 wọn á jẹ́ aago 9 lọ́dọ̀ wa. Ti New York, wákàtí 5 tàbí 6 ni. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo bá gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lálẹ́ ni mo máa ń wọ ti Lọ́ńdọ̀nù.

Òyìnbó tí wọ́n ń sọ máa ń yá jù nígbà mìíràn, tàwọn ará Ireland ló le jù fún mi. Ẹ wá ibi tí àwọn ọmọ Áfíríkà bá ti pọ̀ díẹ̀. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń já, ẹ pa fídíò, ohùn nìkan kì í jẹ dátà púpọ̀.

Ó tún ku ọ̀kan. Mùsùlùmí ni mí, ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí pé nǹkan ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ni. Wọ́n ń dárúkọ Ọlọ́run nínú ìgbésẹ̀ 12 tí ẹgbẹ́ AA ń tẹ̀ lé láti jáwọ́ nínú ọtí lóòótọ́, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ọlọ́run bí oníkálukú bá ṣe mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó ní kí n fi kírun sílẹ̀.

Tíṣà Ìyàrà

Kí lẹ̀ ń da ara yín láàmú sí? Oògùn kan wà tó jẹ́ pé bí ẹni tó lò ó bá mutí, á bì títí tí á fi kórìíra ọtí. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi kan lọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ẹ ní kí ìyàwó káfíńtà ṣe bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Yàgbà

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣe èyí. Disulfiram lẹ̀ ń sọ. Kì í jẹ́ kí ara lè palẹ̀ májèlé tí ọtí ń yí padà sí mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹni tí kò mọ̀ bá mu ọ̀rá mélòó kan lé e lórí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ lójijì, ọkàn lè dáwọ́ dúró. Ẹni tó máa lò ó gbọ́dọ̀ mọ̀, ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kò sì gbọ́dọ̀ fẹnu kan ọtí fún wákàtí 12 ó kéré tán kó tó bẹ̀rẹ̀. Dókítà gbọ́dọ̀ ti yẹ ọkàn àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò. Kódà lẹ́yìn tó bá dá a dúró, ó lè wà lára fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Oògùn mìíràn wà tí kì í jẹ́ kí ọtí fani mọ́ra bíi ti tẹ́lẹ̀, irú naltrexone. Kí ẹ̀gbọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà. Ọbẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń fi oògùn sí.

Tíṣà Ìyàrà

Mo ti gbọ́. Mi ò mọ̀ pé ó le tó bẹ́ẹ̀. Màá sọ fún ìyàwó ọ̀rẹ́ mi náà.

Ọmọ Bùnú

NDLEA ní nọ́ńbà kan tí èèyàn ń pè lọ́fẹ̀ẹ́ tọ̀sán-tòru, 0800 1020 3040. Àwọn agbaninímọ̀ràn ló ń gbé e. Ẹ má bẹ̀rù pé wọ́n á wá mú un, ọtí kì í ṣe oògùn tí òfin dè. Wọ́n lè júwe ibi tó yẹ kẹ́ ẹ lọ.

Bàbá Ahunṣọ, Kàbà

Àbúrò, okun o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀.

ỌmọÌjùmú ní òun ò rí èyí tó ní pátákó lára. Òótọ́ ni. Èyí tí kò ní pátákó wà. Àwa kan ń jókòó pọ̀ níhìn-ín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A ò pọ̀, a ò sì ní orúkọ. Nínú ìwé AA fúnra wọn, wọ́n kọ ọ́ pé èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tí ọtí ń bá jà, tí wọ́n bá kóra jọ láti dẹ́kun, lè pe ara wọn ní ẹgbẹ́ AA, bí wọn ò bá ṣáà ti so ó mọ́ nǹkan mìíràn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun ń dúró de ẹgbẹ́ tó máa ti Èkó wá.

N óò sọ bí a ṣe ṣe é kí àwọn ará Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ lè ṣe tiwọn.

Ibi ìpàdé ló kọ́kọ́ dà wá láàmú. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kò bá wa mu, torí bí o bá wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ìsìn, wọ́n á bi ọ́ léèrè ohun tó o wá ṣe. Ilé ẹnì kan nínú wa náà kò dáa, ìyàwó á máa gbọ́, ọmọ á máa gbọ́. Kíláàsì ilé ìwé la wá ń lò nísinsìnyí, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ. Ẹni tó bá rí wa á rò pé ìpàdé àwọn òbí ni. Bí wọ́n bá fún yín níbì kan, ẹ kọ́kọ́ rin ọ̀nà ibẹ̀ wò. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ kọjá níwájú ilé ọtí kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ wá ibòmíràn.

Ọjọ́ tí ẹ máa mú ṣe pàtàkì. Ẹ mọ̀ pé láàárín Ọjọ́bọ̀ sí Sátidé ni ìsìnkú àti ìyàwó ń pọ̀ ní ìlú wa, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń ṣubú. A kọ́kọ́ mú Mọ́ńdé, àmọ́ gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ ti bàjẹ́ tán kí Mọ́ńdé tó dé. A wá mú Ọjọ́rú, kí èèyàn lè sọ fún àwọn yòókù pé, "Mo ní ìsìnkú lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀rù ń bà mí," kí ẹnì kan sì lè ní òun á bá a lọ.

Wákàtí kan péré ni. Ohun tí a bá sọ níbẹ̀, ibẹ̀ la fi í sílẹ̀ sí. A kì í sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níjókòó. A kì í yá ara wa lówó, kódà ẹgbẹ̀rún kan, torí gbèsè máa ń lé èèyàn sá fún ìpàdé. Ara rẹ ni wàá sọ̀rọ̀ lé lórí, má sọ ti aládùúgbò rẹ. Ẹni tó bá sọ pé òun mutí lọ́sẹ̀ yìí, a ò ní bá a wí, a ò sì ní pàtẹ́wọ́ fún un, a ó ní kó jókòó.

Dírẹ́bà Ọbájànà

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ọ̀rọ̀ bíbò yìí ni mi ò fara mọ́ tán. Gbogbo Ìsánlú ló ti mọ̀ pé káfíńtà yẹn ń mutí. Wọ́n ti rí i níbi tó ṣubú sí. Kí ló wá kù tí à ń bò? Ohun tí wọn ò tíì mọ̀ ni pé ó fẹ́ jáwọ́. Ó yẹ kí ìyẹn hàn síta, kí àwọn tó ń fún un ní ọ̀rá ní gáréèjì lè mọ̀. NAFDAC ní kí wọ́n má ta ọtí ọ̀rá mọ́ lọ́dún 2024, wọ́n tún sún un síwájú, ó ṣì ń rọ̀ sára ìsọ̀ ní gáréèjì títí di àárọ̀ yìí. Bí kò bá sọ ọ́ síta, wọ́n á máa nà án sí i.

ỌmọÌjùmú l'Ábùjá

Bọ̀dá Dírẹ́bà, mo rí ohun tí ẹ ń sọ. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló lè sọ ti ara rẹ̀. Bó bá fẹ́ sọ fún gbogbo gáréèjì, kó sọ. Ohun tí kò tọ́ ni kí ẹlòmíràn bá a sọ ọ́, tàbí kí ẹni tó rí i ní ìpàdé lọ sọ pé òun rí i. Àwọn míì ń ṣiṣẹ́ ìjọba, àwọn míì ń kọ́ ọmọ níwèé. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ń jáde, wọn ò ní wá mọ́.

Ìyá Ìbejì, Mopà

Òun ni kó pinnu. Ọkọ mi sọ fún ọlọ́tí àdúgbò fúnra rẹ̀, ọlọ́tí náà kò sì tà fún un mọ́. Àmọ́ ó ṣe bíi oṣù mélòó kan kó tó lè la ẹnu rẹ̀.

Àbúrò Káfíńtà

Ẹ kú àdúrótì. Mo lọ sí Ìsánlú, mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín sí wọn létí. Ti Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ní kí n tún kà. A ti lọ rí dókítà. Wọ́n gbà wọ́n sí wọ́ọ̀dù, wọ́n fún wọn ní B1, ara wọn gbọ̀n gan-an lálẹ́ àkọ́kọ́ àmọ́ gìrì ò gbé wọn. Wọ́n ti padà sílé báyìí. Wọ́n jẹ iyán lánàá, wọ́n tún bu kún un, ìyàwó wọn pè mí tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Wọ́n ní àwọn á wá sọ́dọ̀ Bàbá Ahunṣọ. Ohun méjì ń bà wọ́n lẹ́rù. Àkọ́kọ́, kí ni kí wọ́n sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Èkejì, ìsìnkú bàbá ìyàwó wọn ń bọ̀, àna ni wọ́n, wọn ò lè ṣàìlọ. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ ló máa gbé ife fún wọn.

Tíṣà Ìyàrà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ti ìsìnkú yẹn, kí wọ́n gba ife kan péré láti fi bọ̀wọ̀ fún àna, kí wọ́n gbé e sílẹ̀. Ife kan kò lè pa èèyàn.

Bàbá Ahunṣọ, Kàbà

Tíṣà, ife kan lè má ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹni tí ara rẹ̀ ti gbára lé e, ife kan ni ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Kó má gbà á rárá.

Bó ṣe máa ṣe é nìyí. Kó ra málítì tirẹ̀ láti ilé, kó mú un dání láti ìgbà tó bá ti wọ agboolé, torí ọwọ́ òfìfo ni wọ́n ń gbé ife lé. Kó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ìyá, kó má jókòó sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ìyàwó rẹ̀ ti bá àwọn arákùnrin rẹ̀ sọ ọ́ ṣáájú, kó ní dókítà ti fòfin de ọtí fún un. Òótọ́ ni, kò sì sẹ́ni tó ń bá dókítà jà. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ọtí wúre, omi wà, obì wà. Àwọn àgbà wa ń fi omi wúre kí ọtí ilé ìtajà tó dé ilẹ̀ yìí. Kó tètè lọ ní ọ̀sán, kó jẹun yó, kó padà kí wọ́n tó gbé ìlù àṣálẹ́ dé. Alẹ́ ni ọtí ń ṣàn jù.

Nọ́ọ̀sì Yàgbà

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ó mu ún, ẹ má ta á nù. Kó padà sí ìpàdé lọ́sẹ̀ yẹn kan náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti mu ún léraléra fún ọjọ́ púpọ̀, kó má tún já a lójijì nínú ilé o. Ìgbà tó tẹ̀ lé e lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Dókítà ni kó padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Kó sì máa lo B1 rẹ̀.

ỌmọÌjùmú l'Ábùjá

Ní ti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò pọn dandan kó sọ ohunkóhun. Bó bá kàn án, kó ní, "Mo fẹ́ gbọ́ ni lónìí." Wọ́n á kọjá sí ẹni tó kàn, kò sẹ́ni tó máa bínú. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, orúkọ rẹ̀ àti pé ọtí ti borí òun ti tó. Kó dé ṣáájú àkókò díẹ̀, torí ó nira láti wọlé nígbà tí gbogbo ojú bá ti wà lára ẹnu ọ̀nà. Kó má sì kúrò láìgba nọ́ńbà ẹnì kan.

Bàbá Ahunṣọ, Kàbà

Àbúrò, mo ti fi ọjọ́ àti wákàtí ránṣẹ́ sí ọ ní ìkọ̀kọ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà mi. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó pè mí kó tó wọ mọ́tò ní Ìsánlú. Màá dúró dè é níbi tí wọ́n ti ń já èrò, a ó jọ rìn wọlé.